Àìsàn Inú Mọ́tò Ìjàpá

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni mo ti lè rí Ìyá Iná?"

Ohun tí ìyá àgbàlagbà kan kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tó wọ ọgbà mẹkáníìkì wa ní Pápá Àjàó, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdeè. Fàósátù ń tú sítátà mọ́tò kan lọ́wọ́. Ọwọ́ ẹ̀ dúró. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é ní Ìyá Iná láyé yìí, kò sì pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹlòmíràn rí. Ọ̀gá Àmúsà ni, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó sì ti pé ọdún márùn-ún tí Ọ̀gá Àmúsà ti wà nínú ilẹ̀.

"Èmi nìyí, Mà," ni Fàósátù wí. "Ta ló júwe mi fún yín?"

"Bàbá kan ni. Ó rán mi níṣẹ́ sí ọ, ṣùgbọ́n ó ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ kí mọ́tò mi tó sọ̀rọ̀. Tíṣà ni mí, ọmọ mi. Mo ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ìlérí kì í ṣe eré. Tún mọ́tò ṣe ná."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, kí n sọ ẹni tí Fàósátù jẹ́, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú di í. Rìwáyà ni, ìyẹn àwọn tí ń tún iná mọ́tò ṣe. Obìnrin ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó máa ń wé gèlè dúdú kékeré kan kí irun má baà kó epo. Láti Pápá Àjàó títí dé Ìdí-Òrò, bí iná mọ́tò bá díjú, tí àwọn ọkùnrin bá fi orí sọ ọ́ títí, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Wọn kì í fẹ́ jẹ́wọ́ o, àwọn ọkùnrin wa yìí! Wọ́n á ní àwọn kàn ń kọjá lọ ni.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí kò ní. Kò ṣe fíríìdọ̀mù.

Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ ọwọ́ l'Ékòó mọ ohun tí mò ń wí. Bó o mọṣẹ́ ju ọ̀gá ẹ lọ, bí ọ̀gá ò bá tíì gbàdúrà sí ẹ lórí, kó tú ẹ sílẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́, ọmọṣẹ́ ni ẹ́. Ti Ọ̀gá Àmúsà tún wá le ju ti ará yòókù lọ. Kó tó tú ọmọṣẹ́ kan sílẹ̀, yóò mú mọ́tò tó dá ṣáṣá, yóò fi àìsàn kan pamọ́ sínú wáyà ẹ̀, yóò wá jókòó sórí àpótí, yóò máa jẹ orógbó. Ọmọṣẹ́ á máa wá àìsàn náà. Bó bá rí i, ó yege. Bí kò bá rí i, kó lọ lo oṣù mẹ́fà sí i. Kì í fọhùn, kì í júwe. Nǹkan kan ṣoṣo táwọn ọmọṣẹ́ mọ̀ ni pé bí ọwọ́ èèyàn bá ti dé ibẹ̀ gan-an, Bàbá á ṣíwọ́ jíjẹ orógbó.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n dá fíríìdọ̀mù Fàósátù sí. Ó ti ránṣọ, ó ti pe ìyá ẹ̀ láti Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó ṣáájú ẹ̀, Ọ̀gá Àmúsà dìde láti kírun ìrọ̀lẹ́, ó jókòó padà, ó sì dákẹ́. Bí ìdánwò ṣe lọ nìyẹn, bí fíríìdọ̀mù ṣe lọ nìyẹn. Láti ìgbà náà ni àwọn aláìmoore kan nínú ọgbà ti ń pè é ní ọmọṣẹ́ òkú. Ó ń gbọ́ ọ, ó ń dùn ún, ó sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Ẹni tó le jù nínú wọn ni Akínyẹlé, alága ẹgbẹ́ rìwáyà. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àmúsà lòun náà ti kọ́ṣẹ́, ó sì ti gba fíríìdọ̀mù tiẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó dá ti Fàósátù. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá yìí wá ló kéde pé ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ìwé fíríìdọ̀mù gbọ́dọ̀ kó ẹrù ẹ̀ kúrò nínú ọgbà, ó pẹ́ tán lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọjọ́ Fúráídè. Gbogbo èèyàn mọ ẹni tó ń bá wí. Fàósátù kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀gá ẹni ló ń túni sílẹ̀," ni Akínyẹlé wí, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ jíìpù ẹ̀ ṣeré lọ́wọ́. "Lọ bá a nínú sàréè kó tú ẹ."

Àwọn kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni pé nígbà tí ìyá yìí wọlé wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù fún Fàósátù nínú ọgbà tó ti lo ọdún mọ́kànlá.

Orúkọ ìyá náà ni Ethel Láyíwọlá. Alágoméjì ní Yaba ló ń gbé. Mọ́tò ìjàpá ni wọ́n wọ́ tẹ̀lé e wá, mọ́tò kékeré olórí roboto tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ wà ní ìdí. Àwọ̀ ojú ọ̀run ni, kò sì sí ojú ìpata kan lára ẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ló rà á nígbà ìjọba Gáwọ́ọ̀nù, ìyá fúnra ẹ̀ ló sì ń wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè.

"Ọjọ́ Túsìdeè ló kọ̀ tí kò sọ̀rọ̀ mọ́," ni Màmá Láyíwọlá wí. "Rìwáyà méjì ní Yaba ti pààrọ̀ kóìlì, wọ́n pààrọ̀ pláàgì. Wọ́n wá fa dáírẹ́ẹ̀tì sí i. Ó dún! Mo ní ẹ ṣeun. Kí n tó wà á dé géètì, ó ti kú. Nígbà tí a ṣí i, wáyà tuntun yẹn ti kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́. Wọ́n ti ká a róbótó, wọ́n gbé e lé orí ẹ́ńjìnì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló ká a, Mà?"

"Èmi nìkan ni mo wà nínú mọ́tò, ọmọ mi."

Kí ẹni tí kò mọṣẹ́ yìí má baà sọnù: kóìlì ni agolo kékeré tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá tí mọ́tò fi ń gbiná. Wáyà kan ló ń gbé iná láti ibi kọ́kọ́rọ́ wá sórí ẹ̀. Bí wáyà yẹn bá ní àìsàn, ọ̀lẹ rìwáyà ò ní wá a. Yóò fa wáyà mìíràn láti orí bátìrì tààrà. Òun ni dáírẹ́ẹ̀tì. Mọ́tò á dún, àìsàn á sì wà níbi tó wà. Ọ̀gá Àmúsà kórìíra ẹ̀ bí nǹkan míì. Bó bá ká ọmọṣẹ́ mọ́ ibi tó ti ń fa dáírẹ́ẹ̀tì, àbàrá ló máa fi gbá a lọ́wọ́.

Fàósátù mú tẹ́sítà ẹ̀, bọ́ọ̀bù kékeré tó ní wáyà méjì. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ó fi tẹ́sítà kan orí kóìlì. Iná tàn. Ó fà á sẹ́yìn, ó kàn án níbi fúúsì. Iná tàn. Gbogbo ibi tó kàn ni iná ti tàn, mọ́tò ò sì sọ̀rọ̀. Ó gbé kóìlì tiẹ̀ síbẹ̀, ó tún ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan tún wà tí kò yé e. Oòrùn ti gun orí gbogbo mọ́tò inú ọgbà, kò ṣe é fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n ara mọ́tò ìjàpá yìí tutù nini.

Nígbà tó di ọ̀sán, Akínyẹlé yà síbẹ̀ láti rán an létí pé ọ̀la ni. Ó rí mọ́tò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Nítorí èyí lo ṣe ń làágùn láti àárọ̀? Sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan." Ó yọ wáyà kan nínú àpò ẹ̀, ó fa dáírẹ́ẹ̀tì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò sì bú ramúramù. Ó pa á, ó nuwọ́. "Iṣẹ́ ẹni tó gba fíríìdọ̀mù nìyẹn. Máa palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́." Ó lọ.

Fàósátù lọ ṣàlùwàlá, ó lọ kírun ọ̀sán. Nígbà tó dé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ mọ́tò lẹ́nu. Ó ṣí ìdí ẹ̀. Wáyà Akínyẹlé wà lórí ẹ́ńjìnì, wọ́n ti ká a róbótó. Wọ́n fi òwú dúdú dì í láàárín, òwú tí wọ́n ti fi àbẹ́là pa.

Jude tó ń lu ara mọ́tò ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò tíì kúrò lójú kan. "Jude, ta ló wá síbí?"

"Nobody o, Sister. Mi ò dìde rárá. I swear, ẹnikẹ́ni ò súnmọ́ am." Ó wo wáyà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Kí lèyí?"

Ọdún mẹ́fà ni Fàósátù fi ń fi àbẹ́là pa òwú dúdú fún Ọ̀gá Àmúsà ní àárọ̀ àárọ̀. Kò sí rìwáyà mìíràn ní gbogbo Mushin tó ń di wáyà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà á, kí n má parọ́ fún yín. Ó fi ọwọ́ ti ara mọ́tò. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀rù náà, inú ẹ̀ ń dùn, orí ẹ̀ ń wú. Bàbá ò gbàgbé òun. Ìdánwò òun ló dé yìí.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mọ́tò. "Ọ̀gá, ẹ káàsán o," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ti gbọ́. Mi ò ní fa dáírẹ́ẹ̀tì."

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Fúráídè ló ti wà nídìí ẹ̀. Ó gbé tẹ́sítà jù sínú àpótí irin. Ó ti rò ó mọ́jú, ó sì ti mọ ibi tí wọ́n ti fi tàn án. Bọ́ọ̀bù tẹ́sítà kéré, iná tó ń jẹ ò tó nǹkan. Kóìlì ń jẹun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ tó yó ọmọdé ò lè yó àgbà. Bí wáyà bá ti já nínú, tó ku okùn tín-ín-rín kan ṣoṣo, tẹ́sítà á tàn, kóìlì á sì máa pebi. Okùn kan ṣoṣo yẹn ló máa ń gbóná, nítorí òun nìkan ló ń ru ẹrù gbogbo wọn. Nítorí náà ọwọ́ lèèyàn á fi wá a.

Ó tan kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó wọnú mọ́tò, ó ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò. Wáyà yẹn gbéra láti ibi kọ́kọ́rọ́, ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ òsì, ó lọ sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ń fi ìka méjì tọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀, kò kánjú. Gbogbo rẹ̀ ló tutù.

Ìgbà tó dé ìdajì ló gbọ́ ọ. Ẹnì kan ń jẹ nǹkan líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Ó rò pé Jude ni. Ó ń tọ wáyà lọ. Kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Ó wá rántí pé Jude ti lọ ra tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ní ìsọ̀ kejì, òun gan-an ló sì bá a mú agolo. Gbogbo irun ara ẹ̀ dìde. Òórùn orógbó gba inú mọ́tò kan. Kò wojú fèrèsé. Ó ka Àyátúlì Kúrúsíyù, àdúrà ààbò, lẹ́nu, ó sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, nítorí ìdánwò ni, wọn kì í wojú ọ̀gá nínú ìdánwò.

Ó nawọ́ sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ìka ẹ̀ kan ibì kan tó gbóná bí etí ife tíì.

Jíjẹ náà dáwọ́ dúró.

Omi ń dà lójú Fàósátù, kò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó pa kọ́kọ́rọ́, ó gbé orí sókè. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó fi abẹ la rọ́bà wáyà. Gbogbo okùn inú ẹ̀ ló ti gé, ó ku ẹyọ kan. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e. Ó yẹ rọ́bà náà wò yípo, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ojú ọ̀bẹ kankan lára ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tóun fúnra ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi là á. Kò sí èèyàn tó lè gé inú wáyà láì la èèpo ẹ̀, kódà Ọ̀gá Àmúsà nígbà ayé ẹ̀.

Ó gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, ó so ó pọ̀, ó yọ́ lẹ́ẹ̀dì lé e kó lè dì mọ́ra, ó wé téèpù mọ́ ọn. Iṣẹ́ tó mọ́, kò yọ gọ́ńgọ́. Kò tan mọ́tò. Ó ní òun fẹ́ kí gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ìgbéraga ni àbí? Bó bá jẹ́ ìgbéraga, ó tọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, ọgbà kún. Màmá Láyíwọlá ti dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì lé itan. Akínyẹlé wa jíìpù ẹ̀ wọlé, ó bọ́ sílẹ̀, ó mú ìwé tí wọ́n fi ń léni kúrò nínú ọgbà dání.

"O ò tíì palẹ̀ mọ́?"

Fàósátù nawọ́ wọnú mọ́tò ìjàpá, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kò tiẹ̀ lọ́ra. Ó gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń dún jẹ́ẹ́jẹ́, geerege, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e délé. Jude pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń pè é ní ọmọṣẹ́ òkú náà pàtẹ́wọ́, ojú ń tì wọ́n.

Màmá Láyíwọlá dìde. "Mọ́tò ti sọ̀rọ̀. Mo lè jíṣẹ́ mi wàyí." Ohùn ẹ̀ wá di ti kíláàsì, gbogbo èèyàn sì dákẹ́. "Ní àárọ̀ Túsìdeè, bàbá kan dúró sẹ́nu géètì mi. Ó dé fìlà funfun. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ẹ̀ dúdú, bíi pé iná jó o. Ó ní òun lòun máa ń tún mọ́tò ọkọ mi ṣe láyé ọjọ́un, òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fún un lómi, kò mu. Kò lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ó ní òun ti fi nǹkan pamọ́ sínú ẹ̀, pé kí n má bínú, kí n gbé e tọ Ìyá Iná lọ ní Pápá Àjàó. Mi ò kọ́kọ́ kà á sí, mo pe àwọn ti Yaba ná. Ó ní bí ọmọ náà bá rí i, kí n sọ fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé, 'Mo tú u sílẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ mọ́, ó ju tèmi lọ.' Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn."

Fàósátù kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó kún fún epo yẹn, ó sì sunkún. Ẹkún ayọ̀ ni.

Akínyẹlé ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mà, Túsìdeè èwo? Àtàǹpàkò òsì, ẹ ní? Ọ̀gá Àmúsà nìyẹn." Ó sún mọ́ Màmá. "Mà, èmi ni mo di ẹsẹ̀ bàbá yẹn mú nígbà tí a gbé e sínú sàréè."

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ lo ń jẹ́ Akínyẹlé?"

"Èmi ni, Mà."

"Ó kí ẹ. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun mọ̀ pé wọ́n júwe ẹ̀ fún ẹ ni. Ó ní ìdánwò tìẹ ṣì kù."

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ Akínyẹlé. Kò gbé e. Gbogbo wa rí i bí àwọ̀ ẹ̀ ṣe yí padà. "Làbákẹ́ ọlọ́mi tútù ló rí Bàbá nígbà tó ń fi àìsàn ìdánwò mi pamọ́," ló ń sọ fún ara ẹ̀. "Òun ló sọ fún mi. Èèyàn méjì péré ló mọ̀ ọ́n, Làbákẹ́ sì ti kú." Ó yára pẹ̀yìn dà, ó wọ jíìpù ẹ̀ tó ṣì ń gbóná, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Jíìpù ò sọ nǹkan kan. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Ó yí i lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó bọ́ sílẹ̀. "Fàósátù," ó wí, ọkùnrin tí kò pè é ní ẹ̀yin rí láyé ẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi wò ó."

Fàósátù dìde, ó nu ojú, ó na ẹ̀yìn ẹ̀ gbọọrọ. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè bá yín wò ó. Tiyín ni. Ẹ wá a."

Akínyẹlé ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ki orí bọ̀ ọ́, ó ń fọwọ́ kan èyí, ó ń fọwọ́ kan tọ̀hún, gbogbo ọgbà sì yí i ká. Aago mẹ́ta lù, ó lọ. Aago mẹ́rin lù. Aṣọ Jímọ̀ tó wọ̀ ti tutù rinrin fún òógùn. Nígbà tó yá, ó wo ẹ̀yìn, ó rọra yọ wáyà tuntun kan nínú àpò, ó na ọwọ́ sí orí bátìrì.

Pá!

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Àbàrá ni, wọ́n gbá a lẹ́yìn ọwọ́. Wáyà fò bọ́ sílẹ̀, Akínyẹlé fa ọwọ́ ẹ̀ mọ́ àyà, ibẹ̀ sì ti ń wú. Kò sí ẹnikẹ́ni tó súnmọ́ ọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Fàósátù wí jẹ́ẹ́jẹ́ láti orí bẹ́ǹṣì, "Ọ̀gá ní kì í ṣe dáírẹ́ẹ̀tì."